Ẹja Mélòó Ni Àpótí Dígí Lè Gbà Kí Ewédò Má Bò Ó?

Bí wọ́n bá ní kí o kọ àròkọ alálàyé lórí ohun kan tí ènìyàn ń sìn tàbí tí ènìyàn ń tọ́jú, má ṣe fi ojú ewé kan gbáko yin ẹwà rẹ̀. Ẹni tí yóò yẹ ìwé rẹ wò fẹ́ mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí ń bà á jẹ́, àti ìdí tí ó fi ń bà á jẹ́. Fi èyí sọ́kàn bí o ti ń ka àròkọ tí ó tẹ̀ lé e yìí, kí o sì ṣàkíyèsí pé a kò fún ènìyàn ní ìmọ̀ràn kan níbẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni ó ti rí àpótí dígí tí a ń sin ẹja sí. Ó máa ń wà ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, ní yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, àti ní yàrá Bàólójì ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Iyanrìn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ewéko tutù yọ̀yọ̀ nínú iyanrìn náà, ẹja kéékèèké sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri láàárín wọn. Ní oṣù àkọ́kọ́, ojú kì í fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò bá fi di oṣù kẹta, dígí ti di aláwọ̀ ewé, nǹkan bí irun ti ta mọ́ ara ewéko, omi ti ń rùn, ẹja sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ni í yóò da gbogbo omi náà nù, yóò fi ọṣẹ fọ àpótí, yóò sì ra ẹja mìíràn. Kò ní í pẹ́ tí ohun kan náà yóò tún ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tí owó rẹ̀ ń ṣòfò, yóò gbé àpótí náà sẹ́yìn ilé, adìyẹ yóò sì máa yé ẹyin sínú rẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí làálàá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lérè ni pé ó ka ohun aláwọ̀ ewé yìí sí èérí. Kì í ṣe èérí. Ohun alààyè ni. Òun náà ni ó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́ ẹni bí a bá fọwọ́ kan inú àmù tí a kò fọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òun ni ó máa ń sọ omi kòtò ẹ̀bá ọ̀nà di aláwọ̀ ewé. Algae ni àwọn olùkọ́ Bàólójì ń pè é. Ewédò ni a ó máa pè é nínú àròkọ yìí. Kò ní òdòdó, kò sì ní èso, síbẹ̀ ohun tí àgbàdo inú oko ń jẹ ni òun náà ń jẹ: ìmọ́lẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti ajílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ kò ṣòro láti rí nínú àpótí dígí. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, níbo ni ajílẹ̀ ti wá nígbà tí ẹnikẹ́ni kò da ajílẹ̀ síbẹ̀?

Ara ẹja ni ó ti wá.

Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé ìgbẹ́ adìyẹ a máa mú kí ohun ọ̀gbìn ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá dà á ní tútù sí ìdí ẹ̀fọ́, yóò jó ẹ̀fọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹja rí. Oúnjẹ tí ẹja jẹ a máa jáde lára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó léwu jù lọ kò ṣeé fojú rí. Amóníà ni, ibi tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń gbà jáde. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ, tí ó rì sínú iyanrìn tí ó sì jẹrà, a máa di amóníà pẹ̀lú. Díẹ̀ kíún nínú rẹ̀ ti tó láti pa ẹja. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé lára iyanrìn, lára òkúta àti nínú fóòmù ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi. Ẹ̀yà kan nínú wọn ń sọ amóníà di náítíráìtì, èyí tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé fún ẹja. Ẹ̀yà kejì ń sọ náítíráìtì di náítíréètì. Náítíréètì kì í tètè pa ẹja. Ajílẹ̀ gan-an ni. Òun ni ewéko ń wá, òun náà sì ni ewédò ń wá.

Àwọn kòkòrò yìí kì í ti ọjọ́ kan pọ̀. Nínú àpótí tuntun, ó máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọn tó tó iṣẹ́ tí ó wà níwájú wọn í ṣe. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí o kó ẹja púpọ̀ sínú àpótí tuntun lọ́jọ́ kan náà. Ó sì tún ṣàlàyé ohun tí ń pa ẹja ẹni tí ń fi ọṣẹ fọ àpótí rẹ̀: ó rò pé òun ń ṣe ìmọ́tótó, àwọn tí ń bá a tún omi ṣe ni ó fọ̀ dànù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1849, onímọ̀ Kẹ́místrì kan ní London, Robert Warington, fi ẹja aláwọ̀ wúrà méjì sínú ohun èlò dígí ńlá kan, ó sì gbin ewéko omi kan tí a ń pè ní Vallisneria sínú rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ohun tí ẹja ń mí síta ni ewéko yóò máa lò, ohun tí ewéko ń tú síta ni ẹja yóò sì máa mí sínú. Èrò náà bá a mu fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ewé tí ó gbó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé bo ara dígí, omi sì ń bàjẹ́. Warington wá kó ìgbín omi mélòó kan síbẹ̀, wọ́n jẹ ewé jíjẹrà àti ewédò náà, omi sì là. Ní 1850 ni ó ka ìròyìn iṣẹ́ yìí níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ Kẹ́místrì ní London. Nígbà tí ó di 1853, wọ́n ti ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn láti wò ní ọgbà ẹranko London. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣàkíyèsí nínú ìtàn náà ni pé ẹja méjì péré ni ọkùnrin yìí lò, síbẹ̀ ewédò tún dé. Kí ni kí ẹni tí ó kó ẹja 30 sínú àpótí kékeré wá sọ?

Iye ẹja ni kókó ọ̀rọ̀ wa, nítorí náà jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Àpótí tí ó wọ́pọ̀ gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga ní 30. Bí o bá sọ wọ́n di púpọ̀, ìwọ yóò rí i pé lítà omi 54 ni ó lè gbà bí ó bá kún dé ẹnu. Iyanrìn, òkúta àti àyè tí a fi sílẹ̀ lókè yóò mú nǹkan bí lítà 9 kúrò. Lítà 45, tí í ṣe gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni ẹja rẹ yóò máa gbé. Òfin àtijọ́ kan wà láàárín àwọn tí ń sin ẹja pé kí ẹja gígùn ínǹṣì kan jẹ́ ti gálọ́ọ̀nù omi kan. Òfin náà rọrùn láti rántí, ṣùgbọ́n ó lè tan ènìyàn jẹ. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ẹja mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ínǹṣì kan bá àpótí yìí mu. Ẹja kan ṣoṣo tí ó gùn ní ínǹṣì mẹ́wàá sì tún bá a mu. Wò ó dáadáa. Bí ẹja bá gùn ní ìlọ́po méjì tí kò yí ìrísí padà, ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó sì nípọn ní ìlọ́po méjì, nítorí náà ara rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí ó bá gùn ní ìlọ́po mẹ́wàá, ara rẹ̀ di ìlọ́po 1,000. Ẹja ńlá kan náà wá tóbi ju gbogbo àwọn kéékèèké mẹ́wàá yẹn lápapọ̀ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Òfin tí ó sọ pé bákan náà ni wọ́n kò ní í gbà ọ́ lọ́wọ́ ewédò.

Èrò tèmi ni pé kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ má ṣe kọjá ẹja kéékèèké mẹ́fà sí mẹ́jọ nínú irú àpótí yìí, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn má sì ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ nígbà tí ó bá dàgbà tán. Mo ní nígbà tí ó bá dàgbà tán, nítorí pé ọmọ ẹja ni wọ́n máa ń tà fún ènìyàn, kì í sì í dúró bẹ́ẹ̀. Bí o bá fẹ́ ẹja ilẹ̀ wa, ọ̀kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pelvicachromis pulcher. Odò gúúsù Nàìjíríà wà lára ibi tí ó ti wá, àwọn tí ń sin ẹja ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Akọ rẹ̀ lè gùn tó 10 sẹ̀ǹtímítà, abo kò tó bẹ́ẹ̀. Ikùn abo a máa pọ́n nígbà tí ó bá fẹ́ yé ẹyin. Akọ kan àti abo kan ti tó fún àpótí lítà 54. Fi àfọ́kù ìkòkò há wọn láyè kí wọ́n rí ibi sá pamọ́ sí.

Má ṣe mú epìyà. Ẹja dáadáa ni nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò hú ewéko rẹ, yóò jẹ ẹ́, yóò sì gbẹ́ iyanrìn kiri. Má sì ṣe fi ẹja àrọ̀ ṣe àpẹẹrẹ pé o rí i tí àwọn tí ń sin ín kó púpọ̀ sínú adágún kékeré. Àrọ̀ lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ bí omi kò bá ní ọ́ksíjìn tó, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹja kò lè ṣe. Ó sì lè gùn ju mítà kan lọ.

Ọ́ksíjìn yìí ni ohun kejì tí ó fi yẹ kí ẹja mọ níwọ̀n, òun ni ó sì máa ń pa wọ́n lójijì. Bí omi bá ti ń gbóná sí i ni ọ́ksíjìn tí ó lè gbà ń dín kù. Lítà omi kan tí ooru rẹ̀ jẹ́ 20°C lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 9. Bí ó bá di 30°C, nǹkan bí mílígíráàmù 7.5 ni. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, omi inú yàrá lọ́dọ̀ wa lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ewéko àti ewédò náà ń mí. Ní ọ̀sán, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ wà, ọ́ksíjìn tí wọ́n ń tú síta ju èyí tí wọ́n ń lò lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, títú dópin, mímí kò dópin. Wọ́n di alábàápín ẹja. Nítorí náà, ìdájí ni ọ́ksíjìn máa ń kéré jù lọ nínú omi. Àpótí tí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀, tí omi rẹ̀ sì ti di aláwọ̀ ewé, lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan ní alẹ́, kí ilẹ̀ mọ́ kí òkú ẹja léfòó.

Ṣé kí a má wá sin ẹja rárá ni? Rárá o. Ewéko nílò ẹja. Nínú àpótí tí ewéko pọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹja kéré jù, ewé lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kí ó sì dẹ́kun dídàgbà nítorí ebi. Ewéko tí ebi ń pa kò lè bá ewédò du nǹkan kan. Ìgbà yẹn gan-an ni ewédò yóò gun ara rẹ̀. Ohun tí a ń wá ni kí ajílẹ̀ tí ẹja ń ṣe má ju èyí tí ewéko lè jẹ tán. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣe èyí: kí ẹja dín kù, tàbí kí ewéko pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ṣe méjèèjì pọ̀ ni ó máa ń sinmi.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí o ti gbin ewéko tí ó pọ̀, kí ẹja tó dé, má ṣe gbin ìdì kan kí o máa retí pé yóò kún. Àwọn tí ń yára dàgbà ni kí o kọ́kọ́ lò, nítorí àwọn ni ń jẹ ajílẹ̀ púpọ̀. Vallisneria tí Warington lò dára. Ojú oró wa, èyí tí a máa ń dárúkọ nínú ìwúre, dára púpọ̀ pẹ̀lú: orí omi ni ó ń gbé, afẹ́fẹ́ òkè ni ewé rẹ̀ ń lò, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fa ajílẹ̀ láti inú omi tààrà. Ó tún ń ṣíji bo ìsàlẹ̀. Kìkì pé ó máa ń gbilẹ̀. Bí ó bá ti bo ìdajì ojú omi, kó èyí tí ó pọ̀ jù kúrò, kí o sì da á sórí ààtàn kí ó gbẹ. Má ṣe da ewéko àpótí sí odò. Àwa tí a mọ ohun tí ewéko òṣùṣù omi tí ó gba Badagry wọlé ní 1984 ṣe fún àwọn apẹja àti ọlọ́kọ̀ ojú omi kò gbọ́dọ̀ ní kí a sọ èyí lẹ́ẹ̀mejì. Anubias, tí òun náà jẹ́ ewéko ilẹ̀ Áfíríkà, rẹwà, ewé rẹ̀ sì le. Okùn ni a fi ń so ó mọ́ òkúta, a kì í ri ìdí rẹ̀ mọ́ iyanrìn. Ṣùgbọ́n kì í tètè dàgbà, nítorí náà fi í síbi òjìji, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ewédò yóò fi ewé rẹ̀ ṣe ibùjókòó.

Ìmọ́lẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Má ṣe gbé àpótí sójú fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé. Tan gílóòbù rẹ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́, kí o sì pa á. Ẹni tí ó ń fi sílẹ̀ títí di òru kí àlejò lè rí ẹja ń bọ́ ewédò ni.

Oúnjẹ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Gbogbo ẹni tí ó bá kọjá níwájú àpótí ni yóò rí ẹja tí ó ń sáré wá, wọn yóò ní ebi ń pa á. Ẹja a máa sáré wá bẹ́ẹ̀ bí ó tilẹ̀ yó. Ní ilé ẹ̀kọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá bá fún ẹja mẹ́fà ní oúnjẹ lóòjọ́, ó dà bí ẹni pé a sin ẹja 60. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe é. Kí ó fún wọn ní ìwọ̀n tí wọn yóò jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí ó sì jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìfún wọn ní nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀. Kò ní í pa wọ́n.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, fi rọ́bà fa ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà jáde láti ìsàlẹ̀ níbi tí ìgbẹ́ wà, kí o sì fi omi mìíràn rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ, ó lè ní kùlórínì tí ń pa ẹja àti kòkòrò rere. Pọn ọ́n sínú garawa tí a kò dé, kí ó di ọjọ́ kejì kí o tó lò ó. Omi àpótí tí o fà jáde ni kí o fi fọ fóòmù ẹ̀rọ rẹ, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ọṣẹ. Ìwọ̀nba ewédò tí ó wà lára dígí, fi kànìnkànìn tí kò kan ọṣẹ rí nù ún.

Àwọn kan yóò sọ fún ọ pé oògùn wà tí ń pa ewédò. Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni a fi kọ́pà ṣe, kọ́pà sì ń pa ìgbín omi. Yàtọ̀ sí èyí, ewédò tí ó bá kú lẹ́ẹ̀kan náà yóò jẹrà lẹ́ẹ̀kan náà, yóò gba ọ́ksíjìn inú omi, ajílẹ̀ tí ó ti jẹ yóò sì padà sínú omi fún ewédò mìíràn. Ìgbín tí Warington lò sàn jù ú lọ. Síbẹ̀, má ṣe lọ ṣa ìgbín omi tàbí ìṣáwùrú nínú odò tàbí ìsun fún ara rẹ. Àwọn ìgbín odò kan ní ilẹ̀ wa ni ó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àìsàn tí ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ìwọ tí o kó ẹsẹ̀ bọ odò láti ṣa á, àti ẹni tí ń kó ọwọ́ bọ àpótí lẹ́yìn náà, lè kó o. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti ń tọ́ ìgbín nínú àpótí láti ìran dé ìran ni kí o ti gbà á.

Bí àpótí rẹ bá ti di aláwọ̀ ewé kí o tó ka èyí, má ṣe da omi nù tán. Dín ìmọ́lẹ̀ kù sí wákàtí mẹ́fà, dín oúnjẹ kù sí ìdajì, fi ojú oró sí i, kí o sì máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ó lè gba oṣù kan kí ó tó là. Bí o bá sì jí ní ìdájí tí o rí i pé gbogbo ẹja ti kó ẹnu sójú omi tí wọ́n ń mí gúlegúle, má ṣe dúró de oòrùn. Fi igbá bu omi inú àpótí náà, kí o máa dà á padà láti òkè léraléra kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, kí o pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ bí o bá ní omi tí ó ti sùn nílẹ̀, má sì fún wọn ní oúnjẹ ní ọjọ́ náà. Nígbà tí ara wọn bá balẹ̀, ka ẹja rẹ, kí o sì wá ẹni tí yóò gba èyí tí ó lé.